Rédíétọ̀ alumíníọ̀mù lára Chevelle 1969 mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ọjọ́ tí mo ra rédíétọ̀ yìí, inú ló ń bí mi. Chevelle SS 1969, ọkọ̀ Chevrolet ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì V8 396 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn bíi lítà 6.5. Tó bá ń sáré lójú títì gbalasa, ara rẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ kó ṣáà ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí omi á ti máa hó, tí èéfín á máa yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná pupa kan ṣoṣo ló wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tèmi, ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ ló sì máa ń tàn. Géèjì tí mo fúnra mi fi sí i ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń kọjá ìwọ̀n 110 ní òṣùwọ̀n Celsius.

Rédíétọ̀ àtijọ́ jẹ́ ti bàbà àti idẹ, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìpẹtà ti dí díẹ̀ nínú túùbù inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń jò. Tuntun yìí ní ìlà túùbù méjì péré, ìlà mẹ́ta sì ni ti àtijọ́ ní. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé wọn kò rẹ́ mi jẹ báyìí. Wọn kò rẹ́ mi jẹ. Túùbù tuntun kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì kan, ti àtijọ́ sì fẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí túùbù bá ṣe fẹ̀ tó ni ara rẹ̀ tó kan àwọn ewé pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá á ṣe pọ̀ tó, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o mọ́, ó sì fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e wọlé. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹnu ibi tí páìpù òróró gíà ń wọ̀ kò bá páìpù ọkọ̀ mi mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ti Chevelle ni. Mo ní láti wá irin tí yóò so méjèèjì pọ̀. Wọn kò sì fi ìdérí kún un. Ìdérí kì í ṣe nǹkan kékeré o: psi (òṣùwọ̀n agbára ìfúnpá) kọ̀ọ̀kan tó bá dì mọ́ inú máa ń gbé ìwọ̀n tí omi fi ń hó sókè ní bíi 1.6 ní Celsius, nítorí náà ìdérí psi 15 lè fi bíi 25 kún un. Ìdérí tó ti gbó lè mú kí rédíétọ̀ tó dára máa hó.

Mo dè é, mo da kúláǹtì àti omi sí i ní ìdajì-ìdajì, mo wa ọkọ̀ jáde. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, dípò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lo ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n kó tó dé 110. Owó mi!

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó rò ó. Ọkọ̀ tó ń gbóná nígbà tó bá dúró, tó sì ń tutù nígbà tó bá ń sáré, atẹ́gùn ni kò rí tó. Ká ní orí eré ló ti ń gbóná ni, ǹ bá wo rédíétọ̀ tó dí tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀. Mo fi abala ìwé kan lé iwájú rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí atẹ́gùn fà á mọ́ra. Ńṣe ló já bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ṣáájú mi ti yọ kọ́fà tó yí fáànù ká dànù. Láìsí kọ́fà yẹn, atẹ́gùn gbígbóná tó ti wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni fáànù kàn ń rò kiri. Mo wá kọ́fà, mo sì dè é kí ìdajì ewé fáànù wà nínú rẹ̀, kí ìdajì wà níta. Kílọ́ọ̀ṣì fáànù, ìyẹn ohun tó ń di fáànù mú kó lè yí dáadáa nígbà tí ooru bá pọ̀, pẹ̀lú ti kú: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná tí mo sì ti pa á, mo fi ọwọ́ yí fáànù, ó sì ń pòòyì bí òkòtó nígbà tó yẹ kó le lọ́wọ́. Mo pààrọ̀ òun náà.

Mẹkáníìkì kan ti ní kí n yọ tẹmosítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kúrò pátápátá. Mo gbọ́ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: lójú títì, ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí ìyàtọ̀. Mo ti dá èyí tó ń ṣí ní 82 padà. Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni hóòsì kékeré tó ń fa atẹ́gùn lára disítíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná tó ń ṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì. Mo gbé e lọ sí ibi tó ti ń rí fífà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Iná tó bá pẹ́ kó tó ṣẹ́ máa ń da ooru rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì.

Ní báyìí, 93 ni ibi tó ga jù tí mo rí lójú géèjì, nínú ọ̀sán gangan, tí ọkọ̀ kò sì lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún rédíétọ̀ yìí. Ẹnu páìpù gíà ló jẹ ọ̀kan tó kù. Ṣé màá tún rà á? Bẹ́ẹ̀ ni, torí èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ ń jò. Àmọ́ kọ́fà ni màá kọ́kọ́ rà.

Àwọ̀ fàdákà rẹ̀ kò bá inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ 1969 mu rárá, mo fi ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún. Ti bàbà tí mo yọ ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ inú rẹ̀ fún mi, torí ẹni tó bá máa ra Chevelle lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò dandan.