Òṣogbo Tàbí Èkó fún Ọ̀dọ́mọbìnrin Òṣèré Orí Ìtàgé

Èkó ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tó fẹ́ ṣeré orí ìtàgé ń fojú sùn, nítorí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní Igaǹmú ní ọdún 1976 wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ọkọ̀ lè gbé gbogbo owó iṣẹ́ mì. Owó iṣẹ́ ní Òṣogbo kò tó ti Èkó. Síbẹ̀, ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, àgbà òṣèré, ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní ọdún 1962 ni, níbi tí ọmọbìnrin ti lè jókòó ti àgbà onílù, kí ó mọ ìgbà tí ìyáàlù ń pe ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ agbo. Ní tèmi, Òṣogbo ni kí ó ti kọ́ ohùn àti ijó kí ó tó di ẹrù lọ sí Èkó.