Sparrow Wallet: àpamọ́wọ́ tó jẹ́ kí n mọ ẹni tó ń wo owó mi

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo láti gba Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèpo ìwé ni mo máa ń yà fún àwọn òǹkọ̀wé, àdírẹ́sì yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo ìwé owó iṣẹ́ tí mò ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó rọrùn fún mi, ó rọrùn fún wọn. Àfi ọjọ́ tí oníbàárà kan dá ìwé owó mi padà, tó ní òun rí i pé ẹnì kan san ìdajì iye yẹn fún mi lóṣù tó kọjá, kí ló wá dé tí tòun fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo dín owó kù fún torí pé ìwé àkọ́kọ́ tó máa kọ nìyẹn. Oníbàárà yìí kò jí nǹkan kan, kò já wọ inú kọ̀ǹpútà mi. Ó kàn kọ àdírẹ́sì mi sójú ìkànnì tí gbogbo ayé fi ń yẹ àkọsílẹ̀ Bitcoin wò ni. Gbogbo owó tó ti wọlé fún mi, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti èyí tó ṣẹ́kù, ló tò síwájú rẹ̀ gbọọrọ.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bínú sí? Bí Bitcoin ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá Bitcoin sílẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2008 pàápàá ti kì wá nílọ̀ pé ká máa lo kọ́kọ́rọ́ tuntun, ìyẹn àdírẹ́sì tuntun, fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò kà á nígbà náà. Lóòótọ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àkọsílẹ̀ náà, àmọ́ ẹni tí mo fún ní àdírẹ́sì mi ti mọ orúkọ mi kó tó gbà á.

Bí mo ṣe dé ìdí Sparrow Wallet nìyẹn, ó sì ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń lò ó. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́: Windows, macOS àti Linux. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Craig Raw ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bitcoin nìkan ló mọ̀, kò sì sí ti fóònù.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni bọ́tìnnì kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá ní àwọ̀ ìyeyè, server gbogbogbòò, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó ń dáhùn ìbéèrè nípa àkọsílẹ̀ Bitcoin, lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá ní àwọ̀ ewé, Bitcoin Core tiyín ni, ètò tó ń gba àkọsílẹ̀ Bitcoin wálẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín. Bó bá jẹ́ búlúù, server Electrum, irú server kan tí àpamọ́wọ́ máa ń bi léèrè, tó jẹ́ tiyín ni. Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Àpamọ́wọ́ kò kó gbogbo àkọsílẹ̀ Bitcoin sínú ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bi ẹnì kan léèrè pé, “Èló ló wà ní àdírẹ́sì yìí? Èyí ńkọ́? Èyí náà ńkọ́?” Ẹni tó ń dáhùn ti gbọ́ gbogbo àdírẹ́sì yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti mọ̀ pé ọwọ́ kan ló ni wọ́n, ó sì lè mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpamọ́wọ́ orí fóònù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kò sọ èyí fún mi rí. Sparrow ń fi àwọ̀ rán mi létí nígbàkigbà tí mo bá ṣí i.

Àwọ̀ ìyeyè ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ní kó gba inú Tor kọjá. Sparrow mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Tor ń fi ibi tí mo wà pa mọ́, kò fi pa mọ́ pé àwọn àdírẹ́sì náà bára wọn tan. Nígbà tó yá, mo ra díìsìkì terabyte kan sínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, torí àkọsílẹ̀ náà ti ju gigabyte 600 lọ, mo sì jẹ́ kí Bitcoin Core gbà á wálẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà mí. Nígbà tí àwọ̀ ewé yẹn tàn, ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí Sparrow ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni abala UTXOs, ibi tó ti ń to àwọn owó tí mi ò tíì ná. Mo ti rò pé tí mo bá ti ń lo àdírẹ́sì tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó parí. Kò parí. Owó Bitcoin kì í dà pọ̀ bí omi inú ìkòkò. Owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé dúró lọ́tọ̀ bí ẹyọ, pẹ̀lú iye tirẹ̀. Òǹkọ̀wé kan san 0.004 BTC fún mi, òmíràn san 0.0025. Mo fẹ́ fi 0.006 ra pátákó ìyàwòrán. Bí mo bá kó ẹyọ méjèèjì pọ̀, òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tó bá ń ṣọ́ ẹyọ tirẹ̀ á rí i tó ń bá òmíràn jáde nínú ìsanwó kan náà, á sì gbà pé ọwọ́ ẹnì kan ló ni méjèèjì. Àdírẹ́sì tuntun tí mo fi ya wọ́n sọ́tọ̀ ti di asán. Bí Sparrow ṣe jẹ́ kí n rí i ṣáájú nìyí: kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ó máa ń ya àwòrán, àwọn ẹyọ tí ẹ fẹ́ ná wà lápá òsì, ẹni tí ẹ ń san owó fún, ṣéńjì yín àti owó ìfiránṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Mo wo àwòrán yẹn, mo sì yọwọ́. Mo dúró títí owó mìíràn láti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé kan náà fi wọlé, mo wá fi méjèèjì san án.

Láti ìgbà náà, kò sí owó tó ń wọlé tí mi ò kọ nǹkan sí lára. Mo máa ń kọ iṣẹ́ tó jẹ́ àti ẹni tó mọ̀ pé tèmi ni. Ṣéńjì náà ń gba àkọlé tirẹ̀, torí ẹni tí mo san owó fún lè máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, satoshi 546 (satoshi ni ẹyọ tó kéré jù nínú Bitcoin) já wọlé láti ibi tí mi ò mọ̀. Irú ẹ̀ ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté: bí mo bá ná an pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ẹni tó fi ránṣẹ́ á fi tọ ipasẹ̀ mi. Sparrow lè ti irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ pa kó má ṣe é ná, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Àkọlé yìí kan náà ni mo fi ń ṣe ìṣirò owó orí mi. Ẹni tí òfin ní kí n fi han, mo ń fi hàn án. Oníbàárà mi kọ́ nìyẹn.

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n pè ní Privacy, tó máa ń to ìsanwó kan bíi pé èèyàn méjì ló para pọ̀ ṣe é. Owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ga ju ti Efficiency tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹyọ púpọ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Whirlpool, tó ń da owó àwọn èèyàn pọ̀, wà nínú Sparrow tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2024, lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn tó dá Samourai Wallet, àpamọ́wọ́ tó ni Whirlpool, sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí n kúkú máa lo Monero, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ti wà láti ọdún 2014, tó ń fi ẹni tó ń sanwó pa mọ́ sáàárín àwọn mìíràn. Ó dára, ṣùgbọ́n Bitcoin ni àwọn oníbàárà mi ní lọ́wọ́.

Ohun tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín fún èèyàn, Sparrow ò lè gbà á padà. Lọ́dún 2020, orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tó ju 270,000 lọ ní Ledger, ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kọ́kọ́rọ́ Bitcoin mọ́, tú síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ owó wọn kò jáde, ilé wọn ló jáde. Èmi náà ti fi xpub mi fún ìkànnì kan tó ní òun á bá mi ṣírò owó, láìmọ̀ pé ẹni tó bá ní i á rí gbogbo àdírẹ́sì inú àpamọ́wọ́ yẹn, àtijọ́ àtèyí tó ń bọ̀. Mo ní láti ṣí òmíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjìlá tuntun, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń dá àpamọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Bí Bitcoin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fara balẹ̀, ẹ fi owó kékeré kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé Bitcoin ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ yín, mi ò rí èyí tí mo lè fi síwájú Sparrow.

Oníbàárà ọjọ́sí tún gbé iṣẹ́ wá lóṣù méjì sẹ́yìn. Mo tẹ Get Next Address, mo fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú iye tí mo bù lé iṣẹ́ náà. Ó san án pé.