Ilé àyẹ̀wò tó yẹ HER2 wò fún ẹ̀gbọ́n mi

Wọ́n ti gé díẹ̀ nínú kókó ọmú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n sì ti ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní òun ò lè yan oògùn àfi tóun bá mọ ER àti PR (ibi tí hómóònù obìnrin ń so mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) àti HER2 (purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì). Bí mo ṣe gbé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ẹran tí wọ́n gé náà sí lọ sí ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn nìyẹn. Kò tó páálí ìṣáná: ẹran tín-ín-rín kan nínú ìda funfun.

Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi kò tíì dárúkọ owó tó fi bi mí pé, "Mà, wákàtí mélòó ló lò nínú fọ́málìn?" Fọ́málìn ni omi tí wọ́n ń rẹ ẹran sí kó má bàa bàjẹ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 6, kò gbọ́dọ̀ ju 72 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè parọ́ fún wa. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọsibítù tó gé e, ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbé e. (Ike jáàmù ni wọ́n fi ẹran náà sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́nu dákẹ́.)

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Kẹ́míkà tán, wọ́n ní. Ẹnìkan ò pè mí. Èmi ni mò ń pè.

Àmọ́ dókítà wọn ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe fún mi rí. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá fojú ara yín wò ó." Mo bojú wo maikirosíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan dà bí ojú tí wọ́n fi tìróò yí ká, àfi pé àwọ̀ ilẹ̀ ni tiwọn, kò sì dúdú dáadáa. Ó ní HER2 nìyẹn, purotéènì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún un pé kó máa dàgbà. Tó bá ti pọ̀ jù, jẹjẹrẹ á máa yára, á sì fẹ́ tàn ká. 0 ni pé kò sí, 3+ ni pé ó kún fọ́fọ́. Tiwa, 2+. Kò sí lókè, kò sí nílẹ̀. Àyẹ̀wò FISH tó ń ka jíìnì HER2 fúnra rẹ̀ ló máa là á, nítorí oògùn trastuzumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, HER2 tó pọ̀ ló ń bá jà. Ẹni tí kò ní in tó ń rà á, owó ló ń dà sódò.

Wọn kì í ṣe FISH! Wọn ò sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń san ₦85,000. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba búlọ́ọ̀kù yín. Wọ́n fi bébà wé tiwa fún mi. Inú báàgì mi ló wà báyìí.