Zhengshan Xiaozhong àti Jin Jun Mei: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra tíì dúdú orí òkè Wuyi

Ohun tí àwa ń pè ní tíì dúdú, tíì pupa ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, nítorí pé àwọ̀ omi inú ife ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ náwó lé e lórí fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ojú ewé gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń yan tíì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń rẹ́ wọn jẹ.

Abúlé kan náà ni Zhengshan Xiaozhong àti Jin Jun Mei, oríṣi tíì dúdú méjì, ti wá, ìyẹn Tongmu, tó wà láàárín àwọn òkè Wuyi ní ìpínlẹ̀ Fujian ní Ṣáínà, ní agbègbè tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1999. Igi tíì eléwé kéékèèké ni wọ́n ń ká fún méjèèjì, bákan náà sì ni iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á jẹ́ kí ewé rọ, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí yóò fi pọ́n, gẹ́gẹ́ bí iṣu tí a bẹ sílẹ̀ láìfi sómi ṣe máa ń pàwọ̀ dà, kí wọ́n tó wá gbẹ ẹ́.

Zhengshan Xiaozhong ni àgbà, òun ni a sì sábà máa ń kà sí tíì dúdú àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀mùnú pẹ̀lú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń ká fún un, iná igi páìnì ni wọ́n sì fi ń yan ti ìbílẹ̀. Lapsang Souchong ni ọjà Yúróòpù ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn kò ti Tongmu wá. Bí ẹ bá ṣí páálí rẹ̀, tó jẹ́ pé òórùn ẹja àyangbẹ nìkan ló kọlù yín nímú, ẹ fura, nítorí pé nínú èyí tó dára, adùn kan tó jọ ti débínò máa ń wà lábẹ́ èéfín náà, kì í sì í ta ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tí wọn kò fi èéfín sí rárá náà wà. Ó mọ́ lẹ́nu, ó rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pani lára.

Ọdún 2005 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Jin Jun Mei. Ọ̀mùnú nìkan ni wọ́n ń fi ọwọ́ ká fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọ̀mùnú ló sì ń wọ inú ìdajì kílò kan, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Oyin, òdòdó àti ànàmọ́ sísun ni mo máa ń gbọ́ òórùn wọn nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó bá pọ́n bíi wúrà látòkè délẹ̀: nínú ojúlówó, dúdú ló pọ̀, wúrà kàn ń yọjú láàárín rẹ̀ ni. Èyí tó pọ́n ráúráú sábà máa ń jẹ́ Dianhong, tíì dúdú tí wọ́n fi ọ̀mùnú igi eléwé ńlá ṣe ní Yunnan, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Ṣáínà. Dianhong kò burú o, ó dùn, ó sì ki; owó Jin Jun Mei tí mo san lé e lórí nígbà kan ló dùn mí.

Ẹ fi wọ́n wéra nínú ife méjì tó dọ́gba. Gíráàmù mẹ́rin sí ọgọ́rùn-ún mìlílítà omi tó. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni kí ẹ dà sí Xiaozhong, kí ẹ sì jẹ́ kí ti Jin Jun Mei rọlẹ̀ dé nǹkan bíi 90 dígírì. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ tán pátápátá, kí ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn inú ìdérí kí ẹ tó mu ún. (Ẹ fi mílíìkì àti ṣúgà sílẹ̀, mo mọ̀ pé tíì lẹ́nu tiwa lè jẹ́ Milo pàápàá.) Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹ dúró díẹ̀: ti gidi máa ń fi adùn sílẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, nígbà tí ayédèrú ń fún ahọ́n pọ̀ bí obì. Ẹ tún omi dà sórí ewé kan náà títí dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú, torí ayédèrú kì í sábà ju ẹ̀ẹ̀kẹta lọ kó tó di omi lásán.

Ní tèmi, àádọ́ta gíráàmù Xiaozhong aláìléèéfín ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà. Kó fi Jin Jun Mei sílẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ adùn òkè náà, kó sì ra gíráàmù mẹ́wàá péré nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹran yíyan lè mú eléèéfín, àmọ́ kó fi í sínú agolo tó dé gírígírí, kó sì gbé e jìnnà sí ìkejì, nítorí ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí Jin Jun Mei olówó gọbọi máa rùn bí igi páìnì.