WebGNOME: mo dán ètò tó ń ṣírò ìrìn epo lórí odò wò

Ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu láti inú odò ní ìbéèrè kan ṣoṣo nígbà tí epo bá dà sómi lókè: aago mélòó ni yóò dé ọ̀dọ̀ mi? Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ bá WebGNOME, ètò kọ̀ǹpútà tí NOAA, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Odò Mississippi lágbègbè New Orleans ni mo fi dán an wò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ti kọlu báájì (ọkọ̀ akẹ́rù pẹrẹsẹ) tó ru epo dúdú ní oṣù Keje ọdún 2008, tí epo tó lé ní 250,000 gálọ́ọ̀nù fi dà sódò.

Ètò náà yóò bi ọ́ ní ibi tí epo ti dà, ìgbà tó dà, irú epo tó jẹ́, bí omi ṣe ń ṣàn àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò pín epo náà sí àmì róbótó kéékèèké, tí omi ń gbé lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń fi nǹkan bí ìdá 1 sí 4 nínú 100 eré tirẹ̀ tì. Ìdá yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ wò: afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bí a bá fi ìdá 3 ṣe é, yóò ti epo gba odò tó fẹ̀ ní mítà 800 kọjá láti bèbè kan sí èkejì kí wákàtí kan tó pé. Ìsàn omi ló ń pinnu ìgbà tí epo yóò dé. Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bèbè tí yóò forí lé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ètò yìí kì í díbọ́n. Àmì dúdú ni ibi tó rò pé epo yóò wà, àmì pupa sì ni ibi tó ṣì lè dé bí ìròyìn afẹ́fẹ́ tàbí ti omi tí a fún un bá ṣì díẹ̀. Pupa ni kí olùṣọ́ omi máa wò.

Bèbè odò ló ti kùnà lójú mi. Omi máa ń yí po lẹ́yìn ibi tí ilẹ̀ bá ti yọ sínú odò, epo á há síbẹ̀, yóò sì tún jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n bí àwòrán ìsàn omi tí a fún ètò náà kò bá ní irú ìyípo bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀ pé ó wà. Iye àkókò tí epo tó lẹ̀ mọ́ bèbè yóò fi dúró kó tó tún léfòó, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló kù sí. Nígbà tí mo yí i láti wákàtí kan sí ọjọ́ kan, orí epo náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ẹ fi kún un pé omi odò fúyẹ́ ju omi òkun lọ, nítorí náà epo wúwo kan tí ì bá léfòó lókun lè rì lódò, nígbà tí àwọn àmì náà yóò ṣì máa rìn lójú omi.

Bí èmi bá ni mo ń ṣọ́ ẹnu páìpù omi, WebGNOME ni n ó fi mọ ìgbà tí n ó tì í. Ìgbà tí n ó tún un ṣí, ẹni tó bu omi odò wá yẹ̀ wò ni n ó bi.