Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì alẹ́ ní Ouando: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má ra ìwé wọn

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì alẹ́ tó wà lẹ́bàá ọjà Ouando, ó dáa. Yàrá yẹn móoru gan-an, fáànù kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, tí iná bá sì ti lọ ó parí nìyẹn, àmọ́ tísà yẹn mọṣẹ́.

Ẹ ṣáà mọ bí àwa tá a fi Faransé kàwé ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ní "Can you bring the goods on Monday?", àwa náà á ní "Yes, I can bring the goods on Monday", gbogbo ẹ̀ pátá, bí ọmọ tó ń ka katikísìmù. Kò kúkú yani lẹ́nu, ṣebí nínú Yorùbá náà tí wọ́n bá ní "ṣé o lè wá?", "mo lè" nìkan ò tó, wàá fi "wá" sí i. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, "Yes, I can" ti tó, wọ́n á gé ìyókù dànù torí ẹni tó béèrè ti mọ̀ ọ́n. Can, could, will, would, should, must, might, bákan náà ni.

Ìyẹn rọrùn. Ibi tí mo ti jèrè owó mi ni ìgbà tí tísà kọ "Is he at home?" sára bọ́ọ̀dù, tó ní kí ìyá kan tó ń ta aṣọ dáhùn, ìyá ní "He must." Tísà rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyá wa, ẹ ti gé e jù, ẹ fi 'be' sílẹ̀ níbẹ̀ jàre, 'He must be.'" "Has she left?" náà ńkọ́? "She must have" ni, torí tẹ́ ẹ bá ní "She must" lásán, ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé dandan ni kó lọ, kì í ṣe pé ó jọ pé ó ti lọ. Ẹ wá wo "She hasn't paid, but she will": "paid" lẹ gbọ́ níwájú, "pay" ló fara pa mọ́ lẹ́yìn, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin oní-zem (ọlọ́kadà) kan ló fa àríyànjiyàn "Yes, I'll". Kò ṣeé sọ o, nígbà tí ọ̀rọ̀ kankan ò bá tẹ̀ lé e, "Yes, I will" lẹ máa sọ ọ́ tán, bẹ́ẹ̀ "No, I won't" ò ní wàhálà kankan. Ọmọ yẹn ní ìrẹ́jẹ ni, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà tún mẹ́nu ba "I might do", dípò "I might" lásán, táwọn ará Bìrìtìkó máa ń sọ, táwọn ará Amẹ́ríkà kì í sáábà sọ, àmọ́ ó sáré kọjá lórí ẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ń tà ní 2.500 sẹfà yẹn ni mi ò fara mọ́. Fótókọ́pì tó ti ṣá ni, "Yes, I can, No, I can't" ló kún inú ẹ̀ bámúbámú, kò sí "must be", kò sí "must have", ìyẹn ohun tó ń dààmú èèyàn gan-an ò sí ńbẹ̀. Ẹ ra kàyé (ìwé ìkọ̀wé), kẹ́ ẹ máa kọ ohun tó bá wà lójú bọ́ọ̀dù.

Aago méje ni wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọkàn sí méje ààbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti ọ̀nà Adjarra, ẹ bá oní-zem yín sọ̀rọ̀ ṣáájú torí owó alẹ́ ń le. Àwọn ọmọ lísée tó ń múra BAC, ìdánwò àṣejáde lísée, ti ọ̀sán Sátidé ló bá yín mu, ti alẹ́ yìí àwa tá à ń lọ nájà l'Ékòó ló pọ̀ ńbẹ̀.