Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìrìnàjò Yúróòpù Tí A Rà ní Ìjẹ̀bú Òde

Ohun tí ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kété tí a kúrò ní Aachen tí a dojú kọ Köln ní Jámánì. Òṣìṣẹ́ tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ mi, ó wo káàdì ìrìnàjò tí ó wà lórí rẹ̀, èyí tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan láti fi wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri Yúróòpù, ó béèrè ìwé ìrìnnà, ó ṣí i, ó sì rí káàdì ìgbélùú Bẹ́ljíọ̀mù tí a fi há àárín rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó wo iwájú káàdì náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé irú káàdì ìrìnàjò tí a rà kò sí fún àwọn tí ń gbé ní Yúróòpù, àti pé lójú òfin, a kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò tí ó jókòó kọjú sí wa gbójú sókè. Ọkọ mi, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ rí láyé rẹ̀, san owó ọkọ̀ kíkún fún àwa méjèèjì láti Aachen dé Köln, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ó ti ń san án.

Iléeṣẹ́ tí ó ta ètò náà fún wa wà ní àárín ìlú Ìjẹ̀bú Òde. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ owó tí ó wà láàrin wa kò tíì parí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé lókè òkun tí ó sì fẹ́ ra irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé. Leuven ni a ń gbé láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé wa dé Bẹ́ljíọ̀mù, síbẹ̀ a kì í fẹ́ kí Ojúde Ọba kọjá kí a má wà nílé, nítorí ọkọ mi kì í fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ẹni tí ó ni iléeṣẹ́ yìí. Nígbà tí ayẹyẹ parí tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń sinmi, ọkùnrin náà sọ fún un pé òun lè to àwọn ìrìnàjò kéékèèké jọ fún wa fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú irin àti ìwé tí yóò ṣàlàyé ibi tí ó yẹ kí a rí, kí a sì san gbogbo rẹ̀ ní náírà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. Owó ilé tí a fi háyà ní Ìjẹ̀bú Òde ń wọlé ní náírà, a kò sì mọ ibi kankan ní Yúróòpù ju ibi iṣẹ́, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ní ọjọ́ tí a lọ sanwó, ọmọbìnrin kan ni ó gbà wá lálejò. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó pè wá ní Dádì àti Mọ́mì, ó gbé omi tútù fún wa, ó sì gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìgbélùú wa. Ojú mi ni ó ṣe tí ó fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà káàdì náà, iwájú lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ó sì gán àwọn ẹ̀dà náà mọ́ fọ́ọ̀mù wa, ó kọ orúkọ ọkọ mi gàdàgbà sí ara fáìlì. Mo bi í léèrè pé, “Ṣé kò sí ìyàtọ̀ láàrin àwa tí a ń gbé lọ́hùn-ún àti àwọn tí ń ti Nàìjíríà lọ?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ́mì, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni wọ́n máa wò.” Nígbà tí ó rí i pé n kò tíì gbà, ó lọ yọjú sí yàrá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kò jáde. Láti inú yàrá ni ó ti dáhùn pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìyàtọ̀ wà, ó sì tóbi. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Eurail, èyí tí wọ́n tà fún wa, wà fún àwọn tí ilé wọn kò sí ní Yúróòpù. Àwọn tí ń gbé níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Interrail wà fún. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n fi ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, wọn kò bèèrè orílẹ̀-èdè tí ó fún un ní ìwé ìrìnnà. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ní káàdì ìgbélùú Bẹ́ljíọ̀mù, Interrail ni tirẹ̀, òfin mìíràn sì tún wà nídìí ìyẹn: kò ní lè lò ó nínú Bẹ́ljíọ̀mù fúnra rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tí yóò fi jáde àti ẹ̀ẹ̀kan tí yóò fi padà wọlé lọ. Ẹni tí ó sọ pé títa káàdì yìí ni iṣẹ́ òun, èyí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo ohun tí ó nílò láti mọ irú èyí tí ó yẹ kí ó tà fún wa wà nínú fáìlì tí ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gán.

Ìta ibùdókọ̀ Köln ni a ti pe Ìjẹ̀bú Òde. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago ilé fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Jámánì, nítorí náà iléeṣẹ́ wọn kò tíì tì. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó ní kí a mú sùúrù, ọ̀gá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. A mú sùúrù. Nígbà tí ọ̀gá gba fóònù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò sọ fún wọn pé ọmọ Nàìjíríà ni yín ni?” Ọkọ mi ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ní ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ náà kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Òṣìṣẹ́ tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kàn yìí fún wa ní rìsíìtì fún gbogbo owó tí ó gbà, ó kọ orúkọ irú káàdì tí ó yẹ kí a rà sí ẹ̀yìn rìsíìtì náà, ó sì bá wa gbé àpótí wa sọ̀kalẹ̀. Mo gba fóònù, mo sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀dà káàdì wa wà nínú fáìlì rẹ̀, kí ó dìde kí ó lọ ṣí i. Ó ní òun yóò pè wá padà. Kò pè.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí ni, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni n bá fún wọn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, tí ilẹ̀ kò tíì ṣú nítorí pé oòrùn kì í tètè wọ̀ ní àsìkò yẹn, nígbà tí nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ pè wá lórí WhatsApp. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. “Ẹ káalẹ́ sà, ẹ káalẹ́ mà. Èmi ni mo kọ ìwé ètò yín.” Ó ní òun kò sí ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ilé ni òun ti gbọ́, òun sì ti padà lọ ṣí fáìlì wa. “Káàdì yín wà níbí, mà. Àwa ni a kò kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Kò dá ẹlòmíràn lẹ́bi, kò bèèrè ohun tí a sọ tàbí tí a kò sọ nínú ọkọ̀. Ó béèrè bóyá a ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n mú bírò.

Ohun tí ó ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò rí iléeṣẹ́ ńlá tí ó ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Káàdì tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò kò ṣeé dá padà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ó ní òun ti ṣírò rẹ̀, pé bí a bá ra káàdì mìíràn, owó rẹ̀ yóò ju ti tíkẹ́ẹ̀tì ẹsẹẹsẹ lọ, nítorí pé Luxembourg ni ó kàn, ìjọba ibẹ̀ sì ti sọ bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú irin di ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020, yàtọ̀ sí ìjókòó onípò kìn-ín-ní (first class) nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó dá ètò náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Köln sí Koblenz, láti Koblenz gba ẹ̀gbẹ́ odò Moselle lọ sí Trier, kí a tó wọ Luxembourg. Ó ní ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ ti Luxembourg padà wá wo Trier, kí a má ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ọ̀nà, kí a ra ti láti Wasserbillig tí ó wà ní ẹnu ààlà sí Trier nìkan, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni títí dé ibẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó yẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà wò kò ṣe ju pé ó dúpẹ́ lọ.

Ìwé ètò tí ọmọ yìí kọ, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, Yorùbá tí ó gún régé, tí àmì ohùn rẹ̀ pé. Kó tó di pé wàhálà ṣẹlẹ̀, òun ni ó mú wa lọ sí Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwòrán pẹpẹ ńlá tí àwọn ayàwòrán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò van Eyck parí ní ọdún 1432 wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Bavo. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a wo ìsàlẹ̀ apá òsì dáadáa, nítorí pé pátákó kan níbẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́: wọ́n jí ojúlówó rẹ̀ gbé ní ọdún 1934, wọn kò sì rí i títí di òní. Bí a kò bá ka ìwé rẹ̀, a ó kàn wò ó kọjá ni. Ní Köln, ó kọ pé ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, pé iṣẹ́ dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àti pé 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 157. Àtẹ̀gùn 533 ni ó wà láti gun òkè rẹ̀, ìwé náà sì kìlọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè fún àlejò, kí ẹni tí orúnkún ń dùn jókòó sísàlẹ̀. Ọkọ mi gùn ún. Èmi jókòó sísàlẹ̀.

Ojú ìwé Trier ni mo fẹ́ràn jù. Ibodè ìlú tí àwọn ará Róòmù fi òkúta kọ́ ní nǹkan bí ọdún 170, tí wọ́n ń pè ní Porta Nigra, ṣì dúró síbẹ̀ ṣánṣán, nítorí pé wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wó o kó òkúta rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti ń dúró wo ibodè yìí, kí ó rántí Ẹrédò Súngbó, odi àti yàrà àtijọ́ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí ó gùn tó kìlómítà 160, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí ó dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkọ mi ka gbólóhùn náà sókè níwájú ibodè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwa méjèèjì, a ti sanwó wọ inú ibodè àwọn ará Róòmù, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dé etí yàrà Ẹrédò rí. Inú mi dùn pé ìwé ètò tí mo fi owó rà ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì dára, wọ́n mọ́, wọ́n sì sún mọ́ ibùdókọ̀ bí wọ́n ti ṣèlérí, ó kàn jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n kọ sínú ètò kò sí nínú owó èyí tí ó wà ní Luxembourg. Ní ti Paris, tí ó wà nínú ètò wa, a kò lọ mọ́. Eurostar, ọkọ̀ ojú irin ayára tí ń ti Brussels lọ síbẹ̀, kì í gba ẹni tí ó ní káàdì ìrìnàjò láìjẹ́ pé ó sanwó ìjókòó lọ́tọ̀, ìjókòó tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ fún irú wọn kì í pọ̀. Èyí náà kò sí nínú ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Ìjẹ̀bú Òde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó ṣàlàyé rẹ̀.

Nígbà tí a padà sí Leuven, ọkọ mi kò fẹ́ béèrè owó káàdì náà, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ kì í pe ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́jọ́. Èmi kò gbà. Mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà, mo fi rìsíìtì owó tí a san láàrin Aachen àti Köln àti ẹ̀dà káàdì wa sí i. Ọ̀gá kò dá mi lóhùn, ààrẹ ẹgbẹ́ ni ó lọ bá, ààrẹ sì pe ọkọ mi pé kí a jọ̀wọ́ fi ṣe ti ará ilé. Mo sọ fún ààrẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a kò bínú sí ọmọ ẹgbẹ́ wọn, owó káàdì tí a kò lè lò ni a ń béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ìdajì rẹ̀ padà, wọ́n sì dá owó Paris padà pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, tí ẹ sì ń gbé ní Yúróòpù, ẹ rí i dájú pé orúkọ Interrail ni ó wà lára ohun tí wọ́n tà fún yín kí ẹ tó dìde níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ owó ìjókòó sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí ẹni tí ó ń kọ ìwé ètò wá bá yín sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wọn kò tíì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, ìdajì owó káàdì tí ó kù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ètò ọdún tí ń bọ̀ sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà.